Ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́ láàárọ̀ Sọ́ńdè: kí ni mo lè ṣe kí ọjọ́ ọmọ mi má bàa sọnù?

Ìyá Mẹ́jọ kọ pé:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ sì kú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí rí kò ní ṣàì sí níbí.

Ọmọ mẹ́jọ ni Ọlọ́run fi ta èmi àti ọkọ mi lọ́rẹ. Bàbá àti ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, ọ̀dọ̀ wa náà ló ń wá nígbà ìsinmi. Ọdún yìí ni ohun gbogbo wá ṣù jọ.

Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín bó ṣe wà lórí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àbígbẹ̀yìn wa ti pé oṣù márùn-ún, a ò tíì ṣe ìrìbọmi fún un. Àkọ́bí wa obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè kẹta Àjíǹde. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Míísà agogo mẹ́jọ, ìkeje wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò gba Jésù fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá ṣe Kọnfiméṣọ̀n, ìkarùn-ún wa, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wà nínú wọn. Níparí oṣù Kẹfà, nítòsí ọjọ́ Pétérù àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́, wọ́n máa fi àbúrò ọkọ mi jẹ àlùfáà. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni àwọn òbí ọkọ mi máa pé àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn.

Mi ò ráhùn o. Ọ̀pọ̀ òru ni mo ti jí tí mo kàn ń dúpẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ ìkeje yìí ló ká mi lára.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Tí ilé bá ń pariwo, abẹ́ tábìlì lẹ máa bá a, tó ń ka nǹkan. Láti oṣù Kìíní ló ti ń gé bébà funfun ní róbótó róbótó, tó ń kó o sínú ife kan, tó ń dúró níwájú dígí, tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé "Ara Kristi", tó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé "Àmín". Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ní alẹ́, mo ń to orúkọ àwọn tó ń bọ̀ níbi ìgbéyàwó, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ó máa rẹ̀ yín gan-an lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi?" Mo ní bóyá. Ó ní, "Ẹ máa ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ti rẹ̀ yín. Ṣé ẹ lè gbìyànjú kí ẹ má sùn nígbà tó bá kàn mí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo wo ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà: ìgbéyàwó gba ojú ìwé mẹ́rin, oyè àlùfáà gba méjì, tirẹ̀ sì jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, "Sọ́ńdè, 8:00, aṣọ funfun". Aṣọ funfun náà pẹ̀lú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ló ti wọ̀ ọ́ ṣáájú rẹ̀.

Àwọn ẹbí ti ń dá ìmọ̀ràn. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ní ká sún Kọmúníọ̀n rẹ̀ sí ọdún tó ń bọ̀ kó lè rí àyè dáadáa. Ẹlòmíràn ní ká ṣe ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí gbogbo èèyàn ti pé, kó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á, mi ò sì lè ṣàlàyé ìdí. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ púpọ̀, kí lẹ rò? Èwo la lè so pọ̀, èwo ni ká fi sílẹ̀ lọ́tọ̀?

Katikíìsì Àgbà dáhùn pé:

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra Kọmúníọ̀n, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dá mi lójú.

Ẹ má sún un síwájú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1910 ni Póòpù Pius Kẹwàá pàṣẹ pé bí ọmọ bá ti tó bí ọdún méje, tó ti lè ronú, tó sì mọ̀ pé Ara Olúwa kì í ṣe búrẹ́dì lásán, kí wọ́n má dá a dúró mọ́. Kó tó di ìgbà náà, ọmọ lè pé ọdún méjìlá kí wọ́n tó jẹ́ kó súnmọ́ pẹpẹ. Ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1983, òfin 914, sì gbé iṣẹ́ náà lé àwọn òbí lọ́wọ́ ṣáájú, Fadá tẹ̀ lé wọn: kí wọ́n múra ọmọ sílẹ̀, kó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kó sì gba oúnjẹ ọ̀run yìí láìpẹ́. Ọmọ tó ń fi bébà kọ́ ara rẹ̀ ní "Àmín" láti oṣù Kìíní ti ṣetán. Ebi ń pa á. Ẹ ò ní sọ fún un pé kó dúró di ọdún tó ń bọ̀ torí pé àwọn àgbà ní ìnáwó.

Ti ọmọ ọwọ́, ẹ dárí jì mí bí mo bá sọ ọ́ tààrà. Òfin 867 ní láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n bí ọmọ ni kí òbí gbé e wá fún ìrìbọmi. Oṣù márùn-ún ti pọ̀. Kò yẹ kó máa dúró de ọjọ́ tí èèyàn máa pé. Ẹ lọ bá Fadá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi í bóyá òru Àjíǹde ṣeé ṣe. Mi ò mọ òru tó dára jù ú lọ: omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bùkún, àbẹ́là Àjíǹde tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, òróró Krísmà tuntun tí Bíṣọ́ọ̀bù yà sí mímọ́ nínú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ náà. Òróró yẹn kan náà ni wọ́n máa fi ṣe Kọnfiméṣọ̀n ọmọ yín lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, òun kan náà ni Bíṣọ́ọ̀bù máa fi pa àtẹ́lẹwọ́ àbúrò ọkọ yín. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ.

Ohun tí ẹ lè so pọ̀ ni ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìkeje gbọ́dọ̀ lọ kó tó gba Kọmúníọ̀n, ìyàwó náà sì yẹ kó lọ kó tó dúró níwájú pẹpẹ. Ẹ mú ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn, kí gbogbo ilé jọ lọ, kí ìkeje ṣáájú. Èkejì ni àádọ́ta ọdún àwọn òbí yín. Ẹ lè so ó pọ̀ mọ́ Míísà àkọ́kọ́ tí ọmọ wọn máa ṣe. Kí ọmọ tí wọ́n bí gbàdúrà ìbùkún sórí ìgbéyàwó tí wọ́n fi bí i, ta ló máa ní kí ẹ yà á sọ́tọ̀?

Ẹ tún sọ fún àwọn ẹbí tí wọ́n rò pé ìgbéyàwó ni ọjọ́ ńlá: Ìjọ fún ẹni tó ń gba Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́ àti ẹni tó bá fi ìfọkànsìn wà níbẹ̀ ní ìdásílẹ̀ kíkún kúrò nínú ìyà ẹ̀ṣẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ohun tó yẹ: kí wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n gba Kọmúníọ̀n, kí wọ́n gbàdúrà fún èrò ọkàn Póòpù, kí ọkàn wọn sì kúrò lára gbogbo ẹ̀ṣẹ̀. Àǹfààní wà fún wọn ní agogo mẹ́jọ yẹn.

Ọmọ Kẹfà dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ẹnu ọmọ náà ni mo máa fi sọ̀rọ̀. Èmi ni ìkẹfà nínú mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ tí mo gba Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ ilé àwọn Sístà, gbogbo ilé ń sunkún, wọ́n ń dì ẹrù. Kò sí àwòrán mi kankan lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mí fún ìgbà díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo rántí. Nígbà tí mo padà síbi ìjókòó mi pẹ̀lú Jésù lẹ́nu, bàbá mi kúrò láàárín àwọn àgbà, wọ́n wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn ò sọ nǹkan kan. Orin kan parí, èkejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, èjìká wa kan ara. Mo ti pé ẹni ogójì ọdún, mo ṣì ń rí aṣọ tí wọ́n wọ̀.

Torí náà, Màmá, ẹ yan ẹnì kan fún un. Ẹni tí kò ní gba ìpè, tí kò ní kí àlejò, tí kò ní gbé ọmọ ọwọ́. Ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan láti ìgbà tó bá jí títí Míísà á fi parí.

Ìyá Mẹ́jọ kọ pé:

Katikíìsì, ẹ ṣeun, mi ò bínú rárá. Òtítọ́ ni nípa ọmọ ọwọ́, mo ti lọ bá Fadá lónìí, wọ́n sì ti gbà fún òru Àjíǹde. Ọmọ Kẹfà, mo ka tìẹ fún ọkọ mi, wọ́n dìde kúrò nínú yàrá. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní, "Èmi ni mo máa wà pẹ̀lú rẹ̀."

Ó ku nǹkan méjì. Ìkarùn-ún wa ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ jẹ́ gọ́dmọ́dà àbúrò rẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkeje yìí, kò pé oṣù kó tó wá sáyé. Lóru ọjọ́ tí wọ́n bí i, àwọn dókítà ò rò pé ilẹ̀ máa mọ́ bá a. Èmi ò mọ ibi tí mo wà. Ìyá ọkọ mi ló bu omi sínú ìdérí ìgò kan, tí wọ́n dà á sí i lórí díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n ní, "Mo ṣe ìrìbọmi fún ọ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́." Ó yè. Lẹ́yìn oṣù méjì a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń lọ nígbà náà, Fadá fi òróró yàn án, wọ́n fún un ní aṣọ funfun àti àbẹ́là. Wàyí o, wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi rẹ̀, a kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé ńlá. Fadá ìgbà náà ti dolóògbé. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní ká tún ìrìbọmi ṣe, tàbí pé kó má lè gba Kọmúníọ̀n pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Akọ̀wé Ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn pé:

Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìwé ìrìbọmi ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́, irú èyí sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Wọn ò ní tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìrìbọmi máa ń wáyé láyé ẹni. Nígbà tí ikú bá súnmọ́, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é, tó bá ti lo omi, tó sọ ọ̀rọ̀ náà, tó sì fẹ́ ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe. Ohun tí Màmá Àgbà ṣe lóru yẹn pé pérépéré. Ohun tí Fadá ṣe lẹ́yìn oṣù méjì ni àwọn ètò tó ṣẹ́kù.

Ìwé ni kò sí, òfin 876 sì ti rí sí i: bí kò bá pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ̀rí ẹnì kan tó ṣeé gbára lé ti tó. Ẹ mú Màmá lọ bá Fadá yín. Kí wọ́n sọ ọjọ́, ibi tí wọ́n wà, omi tí wọ́n lò àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Bí gọ́dfádà tó dúró lọ́jọ́ tí ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bá wà láyé, ẹ mú òun náà lọ. Fadá á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì ṣètò bí orúkọ ọmọ ṣe máa wọ ìwé. Ẹ ṣe é báyìí o, ẹ má jẹ́ kó di Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, torí Fadá ò ní ráyè. Ó sì ṣe pàtàkì gan-an, torí pé ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìrìbọmi ọmọ yẹn ni wọ́n máa kọ Kọnfiméṣọ̀n rẹ̀ sí lọ́la, àti ìgbéyàwó rẹ̀, tàbí oyè àlùfáà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó: ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi tí wọ́n gbà ní kékeré kì í ṣiṣẹ́ fún ìgbéyàwó, èyí tí wọ́n kọ láàárín oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń béèrè.

Ní ti gọ́dmọ́dà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sókè ni òfin 874 sọ, Fadá sì lè yọ ẹnì kan sílẹ̀ bí ìdí pàtàkì bá wà. Ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ ti gba Kọnfiméṣọ̀n àti Kọmúníọ̀n, tirẹ̀ sì di Pẹ́ńtíkọ́sì. Ẹ fún un ní iṣẹ́ mìíràn tó ṣe gúnmọ́. Bí gọ́dmọ́dà ìrìbọmi tirẹ̀ bá ṣì wà, òun ni Ìjọ fẹ́ kó dúró tì í níwájú Bíṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Àgbà Onírósárì dáhùn pé:

Ọmọ mi, mo bá ẹ yọ̀. Ẹni tó ka iye ọjọ́ ayọ̀ ẹ tó sì ń bẹ̀rù, kó rántí ìdílé Louis àti Zélie Martin ní ilẹ̀ Faransé, àwọn òbí Thérèse Mímọ́ ti Lisieux. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí, mẹ́rin kú ní kékeré, àwọn márùn-ún tó kù wọ ilé àwọn Sístà. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ni Póòpù Francis kéde tọkọtaya náà ní ẹni mímọ́ pọ̀.

Ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1884 ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ yẹn ni Thérèse, àbígbẹ̀yìn wọn, gba Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Pauline jẹ́ ẹ̀jẹ́ nínú ilé àwọn Sístà Kámẹ́lì ní Lisieux. Ìyá wọn ti kú láti ọdún 1877. Bàbá wọn mú Thérèse lọ sí Kámẹ́lì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó de ìbòrí funfun bíi tirẹ̀. Ọjọ́ méjì nínú ọjọ́ kan, síbẹ̀ ọ̀kan ò gba ti èkejì mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí Thérèse sì ń gba Kọnfiméṣọ̀n lóṣù tó tẹ̀ lé e, Léonie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró bíi gọ́dmọ́dà. Jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ dúró ti ara wọn. Má dá gbogbo rẹ̀ gbé.

Ìyá Mẹ́jọ kọ pé:

Ẹ kú Àjíǹde, ẹ̀yin ará mi. Mo ṣèlérí fún ara mi pé mo máa padà wá sọ bó ṣe lọ.

Ìyá ọkọ mi lọ bá Fadá. Wọn ò lè dúró pẹ́ lórí ẹsẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n sì fi ọwọ́ ṣàfihàn bí wọ́n ṣe da omi náà, títí kan bí wọ́n ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ kejì gbá orí rẹ̀ mú, torí orí náà ò ju ọsàn kékeré lọ nígbà yẹn. Ìkeje wà níbẹ̀. Kò gbọ́ ìtàn náà tán rí. Nígbà tí a ń jáde, ó di ọwọ́ ìyá àgbà mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí a fi délé.

Lóru Àjíǹde, àkọ́bí wa ni gọ́dmọ́dà àbígbẹ̀yìn. Ìkarùn-ún ló gbé aṣọ funfun dání, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tan àbẹ́là láti ara àbẹ́là Àjíǹde. Ọmọ náà sùn, àfi ìgbà tí omi kàn án.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, gbogbo wa tó lọ jẹ́wọ́ jẹ́ mẹ́sàn-án lórí ìlà. Ìkeje ló ṣáájú, ìyàwó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ìyàwó ń gbọ̀n. Nígbà tí ọmọ jáde, ó fa etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù. Fadá kì í pariwo." Ọmọ mi obìnrin sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn ìgbéyàwó tí wọ́n fún òun, èyí ló bá òun wọlé.

Ìgbéyàwó dùn, mi ò ní fi gùn yín. Ní agogo méje alẹ́, ọkọ mi wá mú mi lọ́wọ́, wọ́n ní ó yá, a ti kí gbogbo ẹni tó yẹ ká kí. Àwọn ẹbí bójú tó ìyókù. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ní ká sún un síwájú, òun ló dúró títí tí wọ́n fi kó àga tán. Ọlọ́run á san án fún un.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo jí kí aago tó dún. Bàbá rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ aṣọ funfun náà fún un, wọ́n ti sọ fóònù wọn sínú àpótí. A wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni mo rí níwájú? Ìyàwó àná àti ọkọ rẹ̀. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ń bọ̀. Ọmọ yẹn rí wọn, ó dúró sójú kan, mo ní láti rọra tì í léjìká.

Àbẹ́là ìrìbọmi rẹ̀, èyí tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó tó oṣù méjì láyé, ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́. Ó ti tẹ̀ díẹ̀ nínú àpótí tí mo tọ́jú rẹ̀ sí. Nígbà tí Fadá ní "Ara Kristi", "Àmín" tó jáde lẹ́nu ọmọ jẹ́jẹ́ mi dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí Ọmọ Kẹfà ṣe sọ. Mo wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, mo sì ń wo ẹ̀yìn orí méjèèjì.

Nígbà tó yá, ó yíjú padà sí mi. Ó rọra béèrè pé, "Ṣé ẹ rí i?"

Mo ní, "Mo rí gbogbo rẹ̀."

Pẹ́ńtíkọ́sì ló kù báyìí, lẹ́yìn náà ni ti àlùfáà wa. Ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti fúyẹ́. Mo ti fọ aṣọ funfun náà, mo lọ̀ ọ́, mo ká a sínú ọ̀rá, mo sì kọ orúkọ àbígbẹ̀yìn sí i lára.